Ìsíátù Onífùfú àti Òkun Inú Gíláàsì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò dún tó. Àbí ebi ń pa yín ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ tèmi lálẹ́ yìí yà fún Ìjàpá, ó fo erin dá, ó gba ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú lọ, kò dúró níbì kankan àfi ẹnu ọ̀nà Ìsíátù onífùfú ní Ṣógúnlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ògiri ilé náà léèrè. Àmì èédú ṣì wà lára rẹ̀.

Ìsíátù yìí, ọmọ Àwórì ni, ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an. Kò kàwé. Ìyá rẹ̀ ní, bí gbogbo ọmọ bá wọ iléèwé lọ, ta ni yóò máa bó gbágùúdá? Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ A, B, D, imú ni Ìsíátù ń kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Imú ni ìwé onífùfú. Bí gbágùúdá bá wà nínú omi, ojú kò lè sọ ìgbà tó rọ̀ tán, ọjọ́ kíkà nìkan kò sì tó, nítorí pé ti ìgbà ooru ń yára ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ. Èèyàn ní láti ṣí ìdérí, kó fi imú gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé. Nígbà tí Ìsíátù fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ pé, "Ìkòkò kejì lápá òsì ti tó sẹ́. Èyí tó kángun sí ògiri, ó di ọ̀la." Kì í ṣì í.

Mùktárù ọkọ rẹ̀ ń gé gíláàsì. Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ń rọ̀ sí Èkó bí òjò. Ilé ń hù bí olú. Ẹni tó ti ń fi pákó dí fèrèsé láti ìgbà ìyá rẹ̀, ó ní gíláàsì lòun náà ń fẹ́ báyìí. Mùktárù kì í sinmi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, ó ní ọ̀bẹ ìgégíláàsì kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó sì ní ohun kan tó fẹ́ràn ju ọ̀bẹ náà lọ: orúkọ rẹ̀. Láti Òṣòdì títí dé Máfolúkù, wọ́n ní gíláàsì Mùktárù kì í yẹ̀, kì í jò.

Orúkọ yìí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Alàgbà Adébánjọ, ọlọ́rọ̀ kan, kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin sí ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé àjọ̀dún àṣà FESTAC ń bọ̀, àlejò ń bọ̀ láti gbogbo ayé. Alàgbà ti rí i nílùú òyìnbó pé wọ́n ń kó òkun sínú gíláàsì, tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ láàárín gbọ̀ngán. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì tòun náà gbọ́dọ̀ ní in. Ó ní kí Mùktárù kan àpótí gíláàsì kan fún òun, tí kò ní tóbi ju àpótí aṣọ ìyàwó lọ. Mùktárù ṣe é. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó pọn omi kún un fún ọjọ́ méje gbáko, ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sílẹ̀.

Albert ọmọ Alàgbà ni wọ́n fi ìtọ́jú ẹja lé lọ́wọ́. Albert yìí ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó da omi ẹ̀rọ sínú gíláàsì, ó da iyọ̀ sí i, ó fi ọṣẹ fọ àwọn òkúta funfun kan, ó tò wọ́n sí ìsàlẹ̀. Omi náà mọ́ débi pé ó ń wu èèyàn mu. Ó ra ẹja òkun mẹ́rin, ó kó wọn sí i. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Ó da omi nù, ó fọ òkúta, ó tún kó ẹja mìíràn sí i. Ọjọ́ kẹta, bákan náà.

Ni Alàgbà bá ránṣẹ́ pe Mùktárù. Àwọn bíríkìlà wà níbẹ̀, àwọn káfíńtà wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé kejì lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì.

"Mùktárù, kí lo fi lẹ gíláàsì yìí?"

"Gọ́ọ̀mù ni, sà. Irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò náà ni."

Albert tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. "Mo sọ fún yín, Dádì. Omi tèmi mọ́ gaara. Májèlé wà lára gíláàsì ni."

Alàgbà wo Mùktárù látòkè délẹ̀. "Gbé gíláàsì rẹ lọ sílé. Òní sí ọ̀sẹ̀ méje la máa ṣí hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹja bá lè gbé inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ ni wàá ṣe gbogbo fèrèsé ilé kejì yìí. Bí kò bá lè gbé e, màá sọ ọ́ ní gbogbo Òṣòdì pé gíláàsì Mùktárù ń pani. Jẹ́ kí n rí ẹni tí yóò fi sí yàrá ọmọ rẹ̀."

Ọmọlanke ni Mùktárù fi gbé gíláàsì wálé. Ìsíátù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò bù ú. Ó rojọ́ tán, Ìsíátù ní:

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé, irú omi wo ni Albert dà sí i?"

"Omi ẹ̀rọ. Ó da iyọ̀ sí i."

"Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ ọbẹ̀."

Ìsíátù bú sẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ ló ń sè nìyẹn! Omi ti wà, iyọ̀ ti wà, ẹja ti wà. Ata nìkan ló kù."

Mùktárù kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, tọkọtaya lọ bá Fọlọ́runṣọ́, ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń pẹja létí òkun ní Tákúwà, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ oníbàárà Ìsíátù. Fọlọ́runṣọ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ síbi tí ìjọba kó òkúta ńláńlá jọ sí láti fọ́ ìgbì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ òkúta kékeré kan láàárín wọn, kò gbé e kúrò nínú omi.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ rò pé òkúta lásán ni. Òkúta yìí ń mí."

Ìsíátù wò ó. Ìṣáwùrú tín-ín-tìn-ìn-tín lẹ̀ mọ́ ọn. Ewé òkun pupa wà lára rẹ̀, kòkòrò ń yọrí nínú ihò rẹ̀, ohun kan sì là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òdòdó. Ìsíátù fi ìka kàn án, òdòdó náà pa ẹnu dé bí ọmọ tó kọ oògùn.

"Àwọn wọ̀nyí ló ń gbálẹ̀ fún ẹja," Fọlọ́runṣọ́ ní. "Ẹja tí kò bá ní òkúta abẹ̀mí nílé, inú ẹ̀gbin ara rẹ̀ ni yóò kú sí. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fọ̀ ọ́."

Wọ́n fi àpò tútù wé òkúta méje, wọ́n bu omi òkun kún gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn bọ̀, obìnrin kan tú àpò wò, ó pariwo.

"Ìyá, òkúta lẹ fẹ́ lọ sè?"

"Òun ni," Ìsíátù dáhùn. "Bó bá jinná, màá ránṣẹ́ pè yín."

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí wọ́n ti ṣìṣe rèé. Fọlọ́runṣọ́ fún wọn ní ẹja kéékèèké mẹ́ta nínú garawa. Mùktárù kò lè dúró. Bí òkúta àti omi ṣe wọ gíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ló kó ẹja sí i. Gbogbo ilé rọ́ wá wò ó. Ẹ sì mọ àṣà wa: àlejò kì í wọlé ká má fún un ní nǹkan jẹ. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ já ẹ̀kọ sí i. Ẹnì kan rún búrẹ́dì. Abọ́sẹ̀dé ju ìlàjì àkàrà rẹ̀ sí i. Ìsíátù alára, onífùfú, ó bu òkèlè fùfú kóńkóló, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ fi èyí panu." Ẹja jẹ díẹ̀, ìyókù rì sábẹ́ òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, omi ti dà bí omi ìfọṣọ. Ọjọ́ kẹta, ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Mùktárù jókòó sílẹ̀ gẹlẹtẹ. "Albert sọ òótọ́. Gíláàsì mi ló ń pa wọ́n."

Òórùn gba ilé kan. Bàbá Ògúndélé onílé fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. "Mùktárù! Kí lẹ pa sínú yàrá?"

"Òkun ni, sà."

"Òkun wo ló ń rùn báyìí? Ẹ dà á nù kílẹ̀ tó ṣú!"

Mùktárù kó ẹja òkú kúrò. Ó gbé garawa, ó mú kànìnkànìn, ó mú ọṣẹ. Ó ní òun máa da omi nù, kí òun fọ gbogbo òkúta náà títí wọn yóò fi funfun. Ó ti na ọwọ́ sí omi nígbà tí Ìsíátù di apá rẹ̀ mú.

"Dúró."

Ó bẹ̀rẹ̀ sórí gíláàsì, ó di ojú, ó fa imú gùn. Nígbà tó gbé orí sókè, ó dà bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ lọ́jà àjèjì.

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé, mo mọ òórùn yìí. Bí gbágùúdá ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta nìyí. Ọjọ́ kẹta ni gbogbo àdúgbò máa ń bú mi. Bí mo bá da omi nù lọ́jọ́ náà, tí mo pọn tuntun sí i, ṣebí ọjọ́ kìíní ni mo tún padà sí? Bí mo bá fi í sílẹ̀, ohun kan wà nínú omi tí ojú kò rí, òun ló ń ṣe iṣẹ́. Yóò jẹ ìdọ̀tí náà, yóò pọ̀ sí i, òórùn yóò sì yí padà. Albert ń fọ òkúta, ó ń da omi nù, ó sì ń kó ẹja sí i. Ọjọ́ kìíní ló máa wà títí ayé. Àwa náà wá fi oúnjẹ pa àlejò. Kì í ṣe gíláàsì rẹ."

"Kí la máa wá ṣe?"

"A máa dúró."

"Di ìgbà wo? Ọ̀sẹ̀ méje péré ni wọ́n fún mi!"

"Di ìgbà tí imú mi bá sọ."

Ó jáde lọ bá onílé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ó ti di ọdún mẹ́jọ tẹ́ ẹ ti ń fara da òórùn fùfú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un."

"Ti fùfú, mo ń jẹ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ òkúta?"

"Màá máa fún yín ní fùfú wíwé kan láràárọ̀, títí òórùn yóò fi lọ."

Bàbá Ògúndélé fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Méjì," ló ní.

Ó di méjì.

Ìsíátù fi èédú fa ìlà kan sára ògiri fún ọjọ́ kan. Ó ṣòfin: kò sí oúnjẹ, kò sí ọwọ́, kò sí ọṣẹ. Ó fi èédú sàmì sára gíláàsì níbi tí omi dé. Bí omi bá fà, omi kànga lásán ló ń fi dí i, kì í ṣe omi òkun, nítorí pé ó mọ̀ pé ọbẹ̀ tó bá ń gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i ni. Mùktárù ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Àmọ́ NEPA ni NEPA. Bí iná bá ti lọ, Ìsíátù á mú igbá, á máa bu omi, á máa dà á padà látòkè, kí omi lè máa hó. Ó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn náà ń mí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kú. Apá máa ń ro ó. Á pààrọ̀ ọwọ́. Mùktárù á gbà á, òun náà á bù ú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òórùn náà burú jù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Albert gba iwájú ilé kọjá, ó fi aṣọ ìnujú dí imú.

"Ìyá onífùfú! Mo gbọ́ pé ẹ ń rẹ òkúta. Ọjọ́ wo lẹ máa sẹ́ ẹ?"

"Lọ́jọ́ tó o bá yá wa ní táì rẹ ká fi ṣe asẹ́, Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù!"

Gbogbo agbolé fi ẹ̀rín sìn ín dé títì.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ohun kan bíi ìpẹtà bo òkúta àti gíláàsì. Ẹ̀rù ba Mùktárù. Ìsíátù gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Kò rùn tó ti àná." Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìpẹtà náà ń ṣí, àwọ̀ ewé tútù ń yọ. Ìlà èédú ń gùn lára ògiri.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Ìsíátù gbé ọpọ́n fùfú rù láàárọ̀, ó ń lọ sọ́jà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó padà wọlé, ọpọ́n ṣì wà lórí rẹ̀.

"Bàbá Abọ́sẹ̀dé, dìde."

"Kí ló dé? Olè ni?"

"Kò rùn mọ́."

Mùktárù sáré wá. Lóòótọ́, kò rùn. Ohun tó ń ta sí wọn nímú ni òórùn etí òkun lẹ́yìn òjò. Omi mọ́, àmọ́ kì í ṣe irú mímọ́ ti Albert, tí kò sí ẹ̀mí kan nínú rẹ̀. Òdòdó ara òkúta ti là, ó ń na ọwọ́ kiri. Edé tí kò tó hóró ìrẹsì ń fò láti òkúta dé òkúta. Kòkòrò kan yọrí, ó wo ayé, ó padà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò kó wọn wá lọ́tọ̀. Inú òkúta náà ni gbogbo wọn ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bú u pé ó ń rùn.

"Ẹja dà? Jẹ́ ká lọ gbé ẹja wá!" Mùktárù ń wá bàtà.

"Jókòó, jọ̀ọ́. Onífùfú wo ló ń gbé gbogbo ìkòkò lọ sọ́jà láìtọ́ ẹyọ kan wò?"

Akàn kékeré kan tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín ni Ìsíátù kọ́kọ́ ní kí Fọlọ́runṣọ́ fún àwọn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, akàn ń gbé ilé rẹ̀ kiri, ó ń họ òkúta jẹ. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ẹja kan wá, ẹyọ kan péré, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ní ilà dúdú márùn-ún. Oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́ kò ju ohun tí èékánná lè bù lọ. Ìyá àgbà yàrá ẹ̀gbẹ́ ní ahun ni Ìsíátù.

Ọjọ́ kìíní, ẹja wà. Ọjọ́ kejì, ó wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ògúndélé di fùfú rẹ̀ mú láìjẹ. Mùktárù kọjú sí ògiri.

"Bá mi wò ó. Èmi kò lè wò ó."

Ìsíátù ká aṣọ kúrò lórí gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó yípo.

"Ó ń bínú," ló ní.

"Ta ló ń bínú?"

"Ẹja. Ó ń lé akàn kiri. Bàbá Abọ́sẹ̀dé, òkú kì í lé akàn."

Hàà! Ariwo tó sọ nínú ilé yẹn, àwọn ará Máfolúkù rò pé wọ́n bí ìbejì. Mùktárù fọwọ́ lé gíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Ògúndélé bi Ìsíátù bóyá fùfú àràárọ̀ òun ti dópin nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méje pé, ẹja ti di mẹ́ta. Wọ́n tún fi àpò tútù wé òkúta, wọ́n bu omi náà sí gálọ́ọ̀nù, wọ́n kó ohun gbogbo lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tún un tò sí gbọ̀ngán lọ́jọ́ ìṣílé. Àlejò ń wò ó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Albert bẹ̀rẹ̀ sí etí Alàgbà.

"Ẹ jẹ́ ká dúró di ọjọ́ kẹta, Dádì."

Ìsíátù gbọ́. "A dúró," ló dáhùn. "Ìdúró kì í ṣe nǹkan lójú wa."

Ọjọ́ kẹta, òun àti ọkọ rẹ̀ wọ gbọ̀ngán. Wọ́n bá Alàgbà Adébánjọ lórí ìjókòó pẹlẹbẹ níwájú gíláàsì, ó fi imú kàn án bí ọmọdé. Ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lé ara wọn yípo òkúta. Alàgbà dìde, ó ní kí wọ́n lọ pe àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ọjọ́sí, gbogbo wọn pátá. Nígbà tí wọ́n pé, ó ní:

"Ojú yín ni mo ti ba orúkọ ọkùnrin yìí jẹ́, ojú yín ni màá ti tún un ṣe. Gíláàsì Mùktárù kò pa ẹja rí. Ìkánjú wa ló pa wọ́n. Mùktárù, má bínú. Wá wọn fèrèsé rẹ, àádọ́rin ni."

Àwọn bíríkìlà lu ṣọ́bìrì mọ́ ṣọ́bìrì. Mùktárù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ti ìyàwó rẹ̀ síwájú. "Kì í ṣe èmi, sà. Imú rẹ̀ ni."

Albert tú táì ọrùn rẹ̀, ó ká a sápò.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ìsíátù wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. "Wá láàárọ̀ ọ̀la," ló ní. "Gbágùúdá la ó kọ́kọ́ bó."

Ó sì wá o! Mo fojú mi rí i lórí àpótí, èèpo gbágùúdá kún itan rẹ̀.

Ó tó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ká ẹní yín. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó tètè lọ, kó wọlé lọ sùn. Mo rẹ gbágùúdá sẹ́yìnkùlé, òní ló pé ọjọ́ kẹta. Ẹ di imú yín, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ìdérí rẹ̀. Bó bá tó, èmi ni yóò jí yín.